Omi Tí Yóò Kọ́kọ́ Kan Ọmọ

Fadérera gba ojú odò àtijọ́ gun Òkè Arójò ní ìdájí, ó gbé ìdajì korobá omi tó ṣẹ́kù nílé àti ọṣẹ dúdú dání. Ṣóńṣó òkè ni abúlé kọ̀ọ̀kan ta àwọ̀n sí láti fi gba omi lára kùrukùru, ṣùgbọ́n àwọ̀n Ìpólé, abúlé rẹ̀, kò kán omi látàná. Òní sì ni wọ́n fẹ́ sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Abúlé tí omi tuntun rẹ̀ bá kọ́kọ́ kan ọmọ lára lọ́jọ́ náà ló ni ọmọ.

Bàbá Akínlàjà, tó ń tọ́jú àwọ̀n Arárọ̀mí, abúlé kejì, ń rẹ́rìn-ín. “Ìyá Ìpólé, ẹ wá bu tiwa. Ọmọ á kàn di tiwa ni.”

“Ẹ lọ bí tiyín!”

Fadérera fọwọ́ pa àwọ̀n Ìpólé, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. Àdí ni! Ọkọ rẹ̀ ti fi àdí pa á bí ẹni ń pa ọmọ tuntun lára, kó má baà gbó. Eruku ti lẹ̀ mọ́ àdí náà, ó sì dí gbogbo ojú àwọ̀n.

“Ṣé bó ṣe ń pa ẹ̀yin náà nìyẹn?” Bàbá Akínlàjà bú sẹ́rìn-ín.

Fadérera tú àwọ̀n náà sílẹ̀. Ó fi ọṣẹ fọ àwọ̀n náà títí ó fi mọ́, ó ta á padà. Kùrukùru dé. Omi kọ́kọ́ yọ bí òógùn, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nínú ọ̀pá omi lọ sí Ìpólé.

Ní ọ̀sán, wọ́n da omi náà sórí páànù oòrùn tó wà lórí òrùlé, tó ń fún ilé ní iná. Ó kán láti etí òrùlé sára ọmọ, ọmọ sì figbe ta.

“Tiwa ni!” ni ọkọ Fadérera ń pariwo, àdí ṣì ń rùn lọ́wọ́ rẹ̀.