Ohun Tó Dà Bí Èébì Ajá

Moróunkéjì bẹ̀rẹ̀ láti já ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ló bá rí nǹkan pupa rúsúrúsú tó hó bí ọṣẹ nídìí ewé. Ìríra mú un.

Ó kígbe sí aládùúgbò rẹ̀, "Bàbá Lájídé, ajá yín ti bì sínú ọgbà mi o!"

Bàbá yọjú lórí ògiri. "Ajá kọ́, ìyáàfin. Èérún igi tí ẹ dà síbẹ̀ ló rin jù, òun ló mú kí nǹkan bí olú yìí hù. Kì í pa ẹ̀fọ́. Ẹ kó o dànù, kí ẹ tú ilẹ̀ kó gbẹ."

Moróunkéjì fi ṣọ́bìrì kó o sínú korobá níta. Ó ń fà yọ̀ọ̀ bí ikun, obìnrin náà sì ń tutọ́ ṣáá.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tó ti ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí èèyàn ń lá àwo. Ó tan tọ́ọ̀ṣì. Nǹkan náà ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó ti gùn ún lọ sókè, ó sì ya sọ́nà márùn-ún bí ìka ọwọ́. Kí Moróunkéjì tó kígbe, àwọn ìka náà ti di ìdábùú ilẹ̀kùn mú, wọ́n ń rọra fà á, bí ẹni fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún àlejò tó wà níta.