Ọdẹkúnlé Tó Ń Jẹ Obì Olóbì

Ọ̀lẹ ni Ọdẹkúnlé yìí, ojú kì í sì í tì í. Mo ní "yìí" nítorí pé láyé ogun Ìjàyè, ọkùnrin mẹ́ta ló ń jẹ́ Ọdẹkúnlé ní abúlé kan nítòsí Ẹgbẹ́dá. Ọ̀kan jẹ́ ọdẹ tó ń pa ẹkùn. Ọ̀kan ń to eegun tó bá ṣẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀kẹta ni kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó máa wo ẹni tó ń bọ̀.

Ilé rẹ̀ ni àlejò kọ́kọ́ ń kàn. Bí wọ́n bá ti béèrè Ọdẹkúnlé, á ní, "Èmi rèé," á sì na ọwọ́ gba ohun tí wọ́n gbé wá.

Lọ́jọ́ kan, Títíladé fa ewúrẹ́ kan wá láti ọ̀nà Ifẹ̀, nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ tí apá rẹ̀ ṣẹ́.

"Ọdẹkúnlé tó ń to eegun ni mò ń wá."

"O ti rí i. Máa lọ sílé, mò ń bọ̀ lọ́la."

Ọ̀la kò dé. Ewúrẹ́ di ọbẹ̀, apá ọmọ sì wọ́. Títíladé bú Ọdẹkúnlé láti ọjà dé ọjà, títí kò fi sí ẹni tó tún gbé aláìsàn wá bá ẹni tó ń to eegun gan-an. Ọkùnrin náà di ẹrù rẹ̀, ó kó lọ sí ìlú tó jìnnà.

"Baálé mi, ẹ ti lé ọmọlúàbí lọ," ni Ọ̀ṣunbíyìí, ìyàwó ọ̀lẹ náà, wí.

"Ṣé kì í ṣe orúkọ mi ni wọ́n ń pè ni?" Ó ń lá ọwọ́ ọbẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.

Kò pẹ́ ni Fágbóhùn, ìránṣẹ́ baálẹ̀ abúlé kejì, kó èèyàn wá pẹ̀lú obì àti àgbò. Ọdẹ wà lójú ogun nígbà náà.

"Ṣé ẹ̀yin ni Ọdẹkúnlé?"

"Èmi gan-an ni!" Ó ti ju obì sẹ́nu. Gbogbo àgbà agbègbè yẹn ló sì mọ̀ pé ẹni tó bá jẹ obì ìránṣẹ́ ti gba iṣẹ́ náà. Àgbà gidi á kọ́kọ́ béèrè pé kí ló dé.

"A dúpẹ́," ni Fágbóhùn wí. "Ẹkùn ti pa èèyàn méjì lóko wa. Ó di ọwọ́ yín."

Obì há a lọ́fun. "Èmi kọ́ o! Ọ̀lẹ lásán ni mí!"

"Bí ọdẹ ńlá ṣe máa ń rẹ ara wọn sílẹ̀ nìyẹn," ni Fágbóhùn wí, wọ́n sì mú un lọ.

Wọ́n fún un níbọn, wọ́n fi í sílẹ̀ létí igbó. Nǹkan mi ewé. Ó ju ìbọn nù, ó gun igi, ó já bọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. Ewúrẹ́ ló jáde láti inú igbó.

Wọ́n gbé e délé. "Ẹ bá mi pe Ọdẹkúnlé!" ló ń ké.

"Èwo nínú wọn?" ni Ọ̀ṣunbíyìí béèrè. "Ọ̀kan wà lógun. Ọ̀kan ló dùbúlẹ̀ yìí. Èyí tó lè to ẹsẹ̀ yín, ẹ̀yin lẹ lé e lọ."

Ẹsẹ̀ náà wọ́ bí apá ọmọ Títíladé. Bí àlejò bá béèrè Ọdẹkúnlé lẹ́yìn ìyẹn, á ní, "Kò sí níbí."

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí kò le. Orúkọ kì í kọ́ni níṣẹ́. Ẹni tó bá ń jẹ èrè iṣẹ́ tí kò mọ̀, kó múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí wọn yóò ní kó wá ṣe é. Kó sì rántí pé ẹni tí òun ń bà lórúkọ jẹ́ lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí yóò wúlò fún òun lọ́la.