Àbàwọ́n Funfun Lójú Kọ̀ǹpútà

Aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù tí Láníyì, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, fi dé ilé ẹ́kísíréè tó wà lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́, ní Ọ̀wọ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ ti ra káàdì tòkunbọ̀ kan, irú èyí tó ń jẹ́ kí àwòrán hàn kedere, ó sì fẹ́ kó bá òun fi sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí dókítà fi ń wo àwòrán àyà àwọn èèyàn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni Dókítà Adébánjọ ń ti Àkúrẹ́ wá, ní aago kan ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ ọ̀hún nìyẹn.

Láníyì fẹ́ kí dókítà ráyè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà ju bí ọ̀gá ti fẹ́ ẹ lọ. Tèmidire ìyàwó rẹ̀ ti rí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Saudi, ọjọ́ Ajé ló sì wá ya àwòrán àyà tirẹ̀ níbẹ̀. Bí éjẹ́ǹtì tó ń bá a ṣètò ìrìn àjò náà kò bá rí ìwé dókítà gbà kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣú, ẹlòmíì ni wọn yóò gbé lọ. Ọdún méjì gbáko ni obìnrin náà fi wá ọ̀nà yìí. Ìrònú rẹ̀ ti mú kó rù débi pé ó ti kó síkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lọ fún télọ̀ pé kó bá òun dín wọn.

Ràhmát ni akọ̀wé ibẹ̀, ọmọ Ìkìrun tó kàwé ní Poly tí kò sì padà sílé mọ́. Láníyì bẹ̀ ẹ́ kó tó tú ẹ̀rọ.

“Jọ̀ọ́, bá mi fi ti àǹtí ẹ síwájú. Kí dókítà má lọ kó tó kàn án.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, bọ̀ọ̀dá. Mo ti ṣètò ẹ̀.”

Láníyì tú kọ̀ǹpútà, ó gbá eruku inú rẹ̀ dànù, ó ki káàdì bọ àyè rẹ̀. Ó tan iná. Fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ dúdú. Ó yọ káàdì, ó fi iréésà ha ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó dá a padà. Dúdú náà ni. Ó ní páwà páàkì inú rẹ̀ ti gbó jù, kò lè bọ́ káàdì yìí, ló bá gun ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Poly, ó mú èyí tó lágbára wá. Kò sí ìyàtọ̀. Aago mọ́kànlá kọjá kó tó yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ síta, tó rí i pé ihò àtijọ́ ni òun fúnra òun ki wáyà mọ́nítọ̀ bọ̀, káàdì tuntun sì wà níbẹ̀ láìní wáyà kankan lára. Bó bá jẹ́ pé ọmọ Poly ló ṣe irú ẹ̀ ni, ì bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ó pààrọ̀ ihò. Ojú mọ́nítọ̀ mọ́lẹ̀. Ràhmát ṣí àwòrán kan, nọ́ńbà nìkan ló wà lára rẹ̀, kò sí orúkọ. Egungun ìhà yọ ketekete. Nísàlẹ̀ eegun èjìká ọ̀tún, nǹkan funfun kan wà tí kò tóbi ju ẹ̀pà lọ.

“Káàdì náà lábàwọ́n,” ni Láníyì wí.

Ràhmát fa àwòrán náà sí apá òsì, bóyá á kúrò. Àbàwọ́n náà bá a lọ sí apá òsì. Láníyì yọ káàdì, ó tún un kì. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó tún ètò tó ń darí káàdì gbé sórí ẹ̀rọ. Àbàwọ́n kò kúrò. Ó ti rí irú ẹ̀ rí lára káàdì tòkunbọ̀ àwọn ọmọ tó ń gba géèmù, ó sì mọ̀ pé kò gbóògùn. Ó dín ìmọ́lẹ̀ mọ́nítọ̀ kù díẹ̀díẹ̀, títí funfun náà fi ṣú, tí èèyàn ní láti wá a kó tó rí i.

Dókítà dé, ó jókòó, ó sì na ọrùn sí àwòrán àkọ́kọ́.

“Láníyì, kí ni nǹkan funfun yìí?”

“Káàdì ni, sà. Kì í ṣe ara àwòrán.”

“Ó dá ọ lójú? Bí kò bá dá ọ lójú, mo lè fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.”

Láníyì rántí éjẹ́ǹtì.

“Ó dá mi lójú, sà.”

Dókítà kọ ìwé, ó bọ́ sí èkejì. Àwòrán mọ́kànlélógún ló kà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sì tún béèrè ohunkóhun mọ́.

Ní aago mẹ́rin, Láníyì gba ìwé ìyàwó rẹ̀: àyà rẹ̀ mọ́. Tèmidire jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó sunkún ayọ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ló wọkọ̀ òfurufú.

Ọ̀sẹ̀ méje kọjá. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pè. Ó ní AC yàrá àwọn ti kó ikọ́ bá òun, òun kì í sùn dáadáa. Láníyì ní kó máa wọ súwẹ́tà sùn.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ọ̀gá ilé ẹ́kísíréè ra káàdì tuntun, inú páálí. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, Láníyì ti fi sí i. Ràhmát wá àwòrán ọjọ́sí jáde kí wọ́n lè fi wé ti tẹ́lẹ̀. Funfun náà ṣì wà nísàlẹ̀ eegun èjìká. Ó ṣí mẹ́sàn-án mìíràn, gbogbo wọn mọ́ lóló. Láníyì bi í léèrè ta ló ni ti àkọ́kọ́ yẹn.

“Ti àǹtí ni,” ni Ràhmát dáhùn, “tiwọn náà ni mo kọ́kọ́ ṣí lọ́jọ́ yẹn, torí ẹ ní kí n fi tiwọn síwájú.”