Ìlú Tí Wenxiu Fẹ́ Kí Bàbá Rẹ̀ Fẹ́ràn

Àdéhùn náà kò le rárá. Bàbá Kuang máa wá lo ọjọ́ mẹ́ta ní Chengdu. Tí ìlú náà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, Wenxiu, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, máa di ẹrù rẹ̀, wọ́n á jọ padà sí abúlé. Tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò ní sọ̀rọ̀ àtipadà sílé sí i létí mọ́ láéláé.

Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ ọ́. Láti ìgbà tí ìyá Wenxiu ti kú, kò sí ìgbà tó pè lórí fóònù tí kì í ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Wenxiu fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Ó tún fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, àti yàrá rẹ̀ tó há, àti kó máa sùn di ọ̀sán gangan lọ́jọ́ Àìkú láìsí ẹni tó máa bi í pé ṣé ara rẹ̀ kò yá ni.

Báàgì kékeré kan ni bàbá gbé kọ́ èjìká nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè, ó sì fi apá méjèèjì gbá ìkòkò amọ̀ kan tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé mọ́ra. Wenxiu mọ ìkòkò náà. Omi iyọ̀ tí wọ́n ń rẹ ẹ̀fọ́ sí ló wà nínú rẹ̀, ìyá àgbà bàbá ló sì kọ́kọ́ pò ó. Wọ́n á kó kábéèjì jáde, wọ́n á kó àtalẹ̀ sí i, omi náà kì í tán. Láti ìgbà tí Wenxiu ti dáyé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìkòkò náà kúrò ní ìdí ààrò, lọ́dún tí wọ́n kó láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbé ìkòkò wá síbí?"

"Ṣé kí n wá máa jẹ ẹ̀fọ́ kíkan tí ẹ̀yin ará ìlú ń fi ẹ̀rọ ṣe ni?"

"Ọjọ́ mẹ́ta lásán!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ikùn mi?"

Wenxiu rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ti rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Ẹni tó gbé oúnjẹ ilé dání ti pinnu pé ti òde kò ní dùn.

Ó ti bá a gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan tó kọjú sí odò. Bàbá ti wíńdò, kò ṣí, ó ní òun kò lè sùn nínú ìgò. Wọ́n wá lọ sí ilé àlejò kékeré kan lẹ́yìn ilé Wenxiu, níbi tí obìnrin tó ni ín ti ń sá ata lágbàlá. Bàbá bi í bóyá oòrùn máa ń dé ibẹ̀ nígbà òtútù.

"Bó bá wù ú ni," obìnrin náà dáhùn.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n lọ sí ilé oúnjẹ kan, wọ́n jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀ tó ń hó lórí tábìlì, tí ata pupa léfòó sórí epo rẹ̀. Ètè bàbá kú tipiri.

"Ṣé ó ta jù, Bàbá?"

"Ta ló bi ọ́? Fi ṣàkì sí i." Ó nu òógùn ojú rẹ̀. "Ẹ̀fọ́ kíkan wọn kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ṣàkì wọn gbà."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ wo páńdà. Bàbá dúró ti ọ̀kan tó fẹ̀yìn ti igi, tó ń jẹ oparun.

"Kò roko, kò tajà, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ wá bá a," ó ní. "Òun náà ti fẹ̀yìn tì nìyẹn."

Láti ibẹ̀, wọ́n gba ọgbà tíì lọ, níbi táwọn èèyàn ti ń jókòó mu tíì. Àwọn àgbàlagbà wà lórí àga oparun, wọ́n ń ta ayò tí wọ́n ń pè ní májọ̀ng. Arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Pu, tí kò léyín iwájú mọ́, gbójú sókè.

"Ará oko, ṣé o mọ̀ ọ́n ta, àbí ìran lo wá wò?"

"Ará oko ló máa bọ́ ṣòkòtò lára rẹ lónìí," ni Bàbá Kuang wí, ó sì fa àga.

Wenxiu mu tíì títí inú rẹ̀ fi kún fún omi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, bàbá ṣí ìdérí ife rẹ̀, ó gbé e sórí àga. Bí wọ́n ṣe ń sọ fún àwọn agbétíì nìyẹn pé kí wọ́n má fi ìjókòó náà fún ẹlòmíràn, ẹni tó ni ín ń bọ̀.

"Bàbá, a ti ń lọ o. Ọ̀la lẹ ń wọ rélùwéè."

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bàbá Pu kò tíì gbẹ̀san."

Kó tó lọ sùn, ó ní òun fẹ́ wo ibi tí ọmọ òun ń gbé. Ó wo yàrá náà yíká, ó mi orí.

"Ó há o. Èèyàn méjì kò lè gbé ibí láìjà."

"Èmi nìkan ni, Bàbá."

"Mo rí i." Lẹ́nu ọ̀nà, ó nàka sí ilẹ̀kùn tó kọjú sí tirẹ̀. "Ta ló ń gbé ibẹ̀ yẹn?"

"Kò sẹ́ni. Wọ́n ti kó lọ láti ìgbà ọdún tuntun."

Nísàlẹ̀, bàbá dúró bá aṣọ́nà sọ̀rọ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro Wenxiu. Ó dá a lójú pé aago tí òun ń wọlé lálẹ́ ni bàbá ń wádìí, inú sì bí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, bàbá ní kó má ṣe torí òun pa iṣẹ́ jẹ, òun mọ ọ̀nà.

"Ìlú yìí tẹ́ mi lọ́rùn," ó ní. "Mi ò ní ní kó o padà sílé mọ́."

Wenxiu di apá aṣọ bàbá mú. Ó ti borí. Síbẹ̀, nínú rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí bàbá á ṣe máa dá jókòó jẹun nínú ilé ńlá yẹn lábúlé, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó ṣíwọ́ iṣẹ́, ó pè é.

"Bàbá, ṣé ẹ ti délé?"

"Ó ti pẹ́. Mo ń se ìrẹsì. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè ni."

"Ó dáa," ni bàbá wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Wenxiu dé òkè, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì, kó tó rí i pé ilẹ̀kùn tó kọjú sí tirẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwo méjì ti wà lórí tábìlì, ìkòkò amọ̀ náà sì ti jókòó sí ìdí ààrò.