Aṣọ Ìbora Ó-Ku-Ègé-Kan

Obìnrin kan wà tí kò ní ju àléébù kan ṣoṣo lọ: bó bá ti dáwọ́ lé ohun tó wù ú, gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dúró dè é. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Kì í purọ́, kì í bá ará ilé jà, ó sì lawọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ògbólógbòó aṣọ sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń tò ó pọ̀, tí wọ́n sì ń rán an di aṣọ ìbora, ìdáhùn kan náà ni ẹnikẹ́ni tó bá pè é ń gbọ́: "Mò ń bọ̀, ó ku ègé kan." Ọkọ rẹ̀ kúkú sọ ọ́ di orúkọ fún un. Ó-Ku-Ègé-Kan ló ń pè é, òun náà á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ohun méjì ló wà nílẹ̀ lọ́dún náà. Àkọ́kọ́ ni pé tọkọtaya yìí ń kọ́lé. Yàrá kan wà níbẹ̀ tó kọjú sí oòrùn òwúrọ̀, ìyá obìnrin yìí ni wọ́n sì ń kọ́ ọ fún, kó lè wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Ìkejì ni aṣọ ìbora tí ìyá náà yóò bá lórí ibùsùn lọ́jọ́ tó bá dé. Aṣọ ìdílé látijọ́ lọmọ gé sí i: ṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ tó ti kú, yúnífọ́ọ̀mù àbúrò rẹ̀, kọ́tìnnì ilé tí wọ́n dàgbà sí. Àárín gbùngbùn ló fi aṣọ aláwọ̀ ewé tí ìyá fi pọ̀n ọ́n sí. Ó rán òbìrìkìtì kéékèèké sí i lára títí kò fi sí àyè tí abẹ́rẹ́ kò dé.

"Bí Màámi bá fojú kan èyí," ló máa ń wí, "wọ́n á sunkún ayọ̀."

Ìfẹ́ ni o, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kì í ṣe ìfẹ́. Àmọ́ wákàtí mẹ́ta péré ni ọkọ̀ fi ń dé ọ̀dọ̀ ìyá yìí. Tẹ́lẹ̀, oṣooṣù ni ọmọ ń lọ. Nígbà tí aṣọ rírán wọ̀ ọ́ lẹ́wù tán, oṣù méje kọjá láìjẹ́ pé ó lọ.

Ìyá a pè é lórí fóònù. "Ọmọ mi, ṣé wàá wá lópin ọ̀sẹ̀ yìí?"

"Ẹ má bínú, Màámi. Nǹkan kan wà tí mò ń ṣe fún yín, ó ti ń parí. Ara yín le, àbí?"

"Ara le. Ọjọ́ orí ló kàn ń bá mi ṣeré díẹ̀díẹ̀."

Nọ́ọ̀sì tó fi ọgbọ̀n ọdún bi aláìsàn ní ìbéèrè kò béèrè irú eré tí ọjọ́ orí ń bá ìyá rẹ̀ ṣe. Ó ti há fóònù mọ́ èjìká, abẹ́rẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ń jó irin ní ilé iṣẹ́ kan tó jìnnà, Sátidé nìkan ló ń wálé, nítorí náà ọwọ́ ìyàwó ni ilé kíkọ́ wà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bíríkìlà tó ń kọ́lé náà kanlẹ̀kùn, ó wọlé, sìmẹ́ǹtì kún bàtà rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá fẹ̀ tó?"

Obìnrin náà ń fi téèpù wọn etí aṣọ lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ohun tí téèpù fi hàn án ló wí: "Ẹsẹ̀ bàtà méjì."

"Méjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó kí n tó mọ ọ́n."

"Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Mò ń bọ̀, ó ku ègé kan."

Kò lọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé, wọ́n ti rẹ́ ògiri náà tán. Ọkọ wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Èyí ti há jù, Ìyá àwọn ọmọ."

"Ṣé Màámi sanra ni? Wọ́n á gbabẹ̀ kọjá."

Ọjọ́ tí ìyá máa dé pé. Aṣọ ìbora ti wà lórí ibùsùn, ó ń dán. Ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin dúró níwájú ilé. Àbúrò sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àga onítáyà jáde lẹ́yìn ọkọ̀, ó sì gbé ìyá lé e. Ìyá ti rù. Ó ń wo apá ibi tí ẹnì kankan kò sí.

"Màámi ní n ò gbọdọ̀ sọ fún yín, Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò wí. "Wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹsẹ̀ ti kọ̀ láti oṣù mẹ́ta. Ojú náà ti lọ."

Wọ́n ti àga dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Táyà kọ lu ògiri lọ́tùn-ún, ó kọ lu ògiri lósì. Wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, kò wọlé.

"Kí ló dé tá a dúró?" ni ìyá béèrè, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àbí ó ku ègé kan?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi ẹni tó ni orúkọ.

Pálọ̀ ni ìyá gbé jókòó. Wọ́n tẹ́ aṣọ ìbora lé e lẹ́sẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń rìn lórí rẹ̀. "Àpò ṣẹ́ẹ̀tì bàbá yín nìyí." Inú rẹ̀ dùn. Nígbà tó kan àárín, ó dúró. "Èyí ńkọ́? Ó le. Aṣọ ta ni?"

"Aṣọ tí ẹ fi pọ̀n mí ni, Màámi."

"Rárá o. Ìyẹn rọ̀."

Òwú tí ọmọ rán sí i lára láti fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ló jẹ́ kó le bẹ́ẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó kán sí ọwọ́ ìyá. Ìyá wá ojú rẹ̀ kàn, ó nù ún. "Jókòó tì mí," ló wí. "Sọ bó ṣe rí fún mi."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni bíríkìlà fi wó ògiri tó sì tún un mọ, tí ìyá ń sùn ní pálọ̀ nínú eruku. Lójoojúmọ́ ni ọmọ ń fi ẹnu ṣàlàyé ohun tó rán kí ojú lè máa wò, ègé kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí ìyá bá sì pè é, á ju abẹ́rẹ́ sínú agolo, á ní, "Mo ti dé, Màámi."

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò ṣòro. Abẹ́rẹ́ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ó sì dára kéèyàn ní iṣẹ́ ọwọ́ tó ń dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń ṣe fún ẹni tá a fẹ́ràn kò lè lọ kí i dípò wa. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìbéèrè, gbójú sókè. Bí ìyá rẹ bá ní kó o wá, fi ègé tó kù sílẹ̀, kó o lọ nígbà tó ṣì lè rí ọ.