Nọ́ńbà Gertrude

Àtìgbà tí ọkọ Edith Adéníran wà láyé ni wọ́n ti kọ̀wé pé àwọn ń fẹ́ tẹlifóònù. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé wọn ní Súrùlérè, lọ́dún 1975, ọkọ ti kú, àwọn ọmọ sì ti lọ sí ìlú òyìnbó. Edith fi aṣọ funfun bo tábìlì kékeré kan ní pálọ̀, ó ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀.

Gbádé lorúkọ ọkùnrin tó wá fa wáyà. Ó gbé ẹ̀rọ náà sétí, ó dán an wò, ó sì sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún un.

"Ẹlòmíì ló ń lò ó tẹ́lẹ̀, ma," ó ní.

"Àlòkù lẹ gbé wá fún mi?"

"Rárá o, ma. Ẹ̀rọ yín tuntun ni. Nọ́ńbà kì í gbé inú ẹ̀rọ. Ìdí wáyà ló wà, níbi tí a ti so ó mọ́lẹ̀ nílé iṣẹ́ wa. Bí ẹnì kan bá fi nọ́ńbà sílẹ̀, a ó yọ wáyà tirẹ̀ kúrò níbẹ̀, a ó so ti ẹlòmíì síbẹ̀."

"Bí wọ́n bá wá pe ẹni àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Ọ̀dọ̀ yín ni yóò ti dún."

Edith fún un ní minirà tútù, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó wá jókòó ti tẹlifóònù. Kò dún. Ní ọjọ́ kejì, ó tún jókòó tì í.

Nígbà tó dún nígbẹ̀yìn, Edith fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Èémí ẹni tó pè nìkan ni Edith ń gbọ́.

"Hẹ́lò?"

"Kì í ṣe Gertrude nìyẹn," ni ohùn ọkùnrin kan wí.

"Kò sí Gertrude níbí. Èmi ni wọ́n fún ní nọ́ńbà yìí báyìí."

"Ẹ má bínú, ma." Ó gbé e sílẹ̀.

Ó tún pè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Abọ́dúndé ni òun ń jẹ́, ó ní Muṣin ni òun wà, òun ń ta páàtì ọkọ̀. Gertrude ni ìyàwó òun. Ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò padà wálé mọ́. Nọ́ńbà yìí nìkan ni òun rí gbà, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀ níbi tó lọ.

"Ṣé ẹ ti bi àwọn ará ilé rẹ̀?"

"Wọn kò fẹ́ sọ fún mi, ma. Ẹ mọ bí àna ṣe máa ń ṣe."

Edith mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀, kò sí ìkankan nínú àwọn àna tirẹ̀ tó yà wò ó.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé Abọ́dúndé ń pè é lójoojúmọ́. Ohùn rẹ̀ kì í le. Ó máa ń béèrè ohun tí Edith sè, Edith á sọ fún un. Ó máa ń béèrè bóyá ẹnì kankan wá wá Gertrude. Ní ọjọ́ kan ó ní, "Bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbí, ma. Ẹsẹ̀ kejì ló wọ̀ lọ. N kò gbé e kúrò níbẹ̀."

Edith bojú wo yàrá. Ìgò ojú ọkọ rẹ̀ wà lórí fèrèsé yàrá, níbi tó fi í sí kẹ́yìn. Òun náà kò gbé e kúrò.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ó pe Rosaline sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Rosaline ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin wọn, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Edith bi í bóyá ó lè mọ ibi tí ẹni tó ni nọ́ńbà òun tẹ́lẹ̀ kó lọ.

"Mo mọ̀ ọ́n, Màmá. Fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀ wá pé ká pààrọ̀ nọ́ńbà òun. Ó ní ká má tẹ tuntun náà sínú ìwé tẹlifóònù, ká má sì fún ẹnikẹ́ni."

"Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ẹnikẹ́ni lásán. Rosaline, ọkùnrin yẹn ò sùn."

Rosaline wo ilẹ̀. Edith ló kọ́ ọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Rosaline kò sì bá a jiyàn rí. Ó rọra sọ nọ́ńbà náà. Ó ní wáyà rẹ̀ wọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ewé kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, èyí tó dojú kọ mọ́ṣáláṣí.

Nígbà tí Abọ́dúndé pè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Edith sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kó tún un sọ, Edith tún un sọ.

"Òkè ni, àbí ìsàlẹ̀?"

"Wọn kò sọ ìyẹn fún mi."

"Kò burú, ma. Ọlọ́run á bùkún yín."

Kò pè mọ́. Edith ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù, ó ń ka Bíbélì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà ń parí lọ, ó gbé e sétí, ó sì yí nọ́ńbà Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Obìnrin kan ló gbé e.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ṣé Gertrude nìyẹn? Èmi ni wọ́n fún ní nọ́ńbà yín àtijọ́. Mo ní kí n kí yín ni. Ṣé ọkọ yín ti dé?"

"Ó ti dé, ma," ni obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀, "ó jókòó dí ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọmọ mi lé itan, ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi ibi tí mo sá pamọ́ sí han òun."