Ẹ̀ṣọ́ Inú Kọ̀ǹpútà

Agogo méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ìdánwò Qàwíyyàt yóò parí. Ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó ló ń wá ẹni tí yóò máa yẹ áàpù wò, tí yóò máa rí àléébù inú rẹ̀ kí oníbàárà tó rí i. Bí kò bá yege, ìyá rẹ̀ ti ní ọjọ́ Ajé ni yóò wọkọ̀ lọ bá àǹtí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù l'Ábíjáǹ. Qàwíyyàt kò fẹ́ lọ rárá.

Lẹ́tà ìdánwò náà kò gùn: "Ohunkóhun tó bá ṣiṣẹ́ lódì níwájú rẹ, kọ ọ́ ránṣẹ́." Áàpù tí wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ló wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan tún wà nínú kọ̀ǹpútà, kì í ṣe èèyàn, tó ń fi kámẹ́rà wò ó. Bí ojú rẹ̀ bá pòórá fún ìdajì ìṣẹ́jú, ìdánwò parí.

Ó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ tó ti kọjá. Ó fẹ́ ra àga kan fún ọgọ́rùn-ún èrò. Áàpù náà fi ọ̀wọ̀ sọ pé kò ṣeé ṣe. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò tíì rí ẹyọ àléébù kan.

Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dá àlejò padà. Ṣùgbọ́n ìyàwó wo ló ń dá baba ọkọ rẹ̀ padà? Bàbá àgbà gun ọ̀kadà dé láti Masifa, ó gbé iṣu dání, ó sì wọlé tààrà.

"Àṣàkẹ́, o ò rí mi ni?" Oríkì Qàwíyyàt ló fi pè é.

Qàwíyyàt wo kámẹ́rà, ó wo bàbá, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. "Ẹ káàbọ̀, bàbá."

Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí. "Ọlọ́hun á ṣí ọ̀nà fún ọ."

"Àmín, bàbá."

"Ìwé tó o kà ò ní já sófo."

"Àmín."

Kọ̀ǹpútà ń ké lókè orí rẹ̀, àdúrà kò sì tíì kan ọkọ àti ọmọ. Ta ló ń dìde nígbà tí àgbà ń ṣàdúrà fún un lọ́wọ́?

Nígbà tó dìde, ojú kọ̀ǹpútà ti pupa: "Ìdánwò parí. O sá lọ. Kọ ìdí rẹ̀." Inú bí i. Ó kọ ọ́ pé: "Mi ò sá. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá àgbà mi ni. Ẹ̀ṣọ́ yín kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó kúnlẹ̀ àti ẹni tó sá." Ó wá bú sẹ́kún. Omi ti tán lẹ́yìn ẹja. Ìyá rẹ̀ kò bá a wí, ó kàn ń ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni lẹ́tà dé: "Iṣẹ́ ti di tìrẹ, láti ọdún tó kọjá la ti yẹ áàpù tíkẹ́ẹ̀tì yẹn wò tán, ẹ̀ṣọ́ náà gan-an la gbé síwájú ẹ̀yin ogójì tó ṣe ìdánwò kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ìwọ nìkan ló sì rí ibi tó kù sí."